Ọ́ìlì ń jò lábẹ́ Ìjàpá: bí ẹ ṣe máa rí orísun rẹ̀ kí ẹ tó sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀

Ọ̀pọ̀ Ìjàpá, ìyẹn ọkọ̀ Volkswagen Beetle, tó ṣì ń rìn n'Ìbàdàn ló ń fi ojú ọ́ìlì sílẹ̀ níbi tí wọ́n bá gbé e sí. Àwọn kan tilẹ̀ ti gbà pé bí Ọlọ́run ṣe dá ọkọ̀ náà nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ́ńjìnnì yìí kò ní omi, atẹ́gùn àti ọ́ìlì nìkan ló ń tù ú lára, lítà 2.5 péré ni ọ́ìlì tó sì ń gbà. Bí ìdajì lítà bá jò dànù, ìdá kan nínú márùn-ún ti lọ nìyẹn, ooru tó yẹ kí ìyẹn gbé kúrò á sì wà lára irin.

Ìkánjú ló ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ jù. Ọ́ìlì á máa kán láti ibi tí ẹ́ńjìnnì ti pàdé gíábọ́ọ̀sì, wọ́n á ní síìlì (rọ́bà tó ń dí ọ́ìlì) fuláwíìlì, irin róbótó ńlá tó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti kílọ́ọ̀ṣì, ni, wọ́n á sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀, wọ́n á pààrọ̀ síìlì, wọ́n á gbé e padà. Tó bá di ọ̀sẹ̀ kejì, ó tún ń kán. Ọ̀tọ̀ ni ibi tí ọ́ìlì ti ń kán, ọ̀tọ̀ ni ibi tó ti ń jáde. Ó lè ti òkè pátápátá wá, kí atẹ́gùn fáànù gbá a kiri, kó tó rí ibi tó rẹlẹ̀ jù tó máa gbà bọ́ sílẹ̀. Nítorí náà, wíwá orísun rẹ̀ ni ìdajì iṣẹ́ náà, owó kékeré ló sì ń ná ni.

Ẹ́ńjìnnì 1300, 1500 àti 1600 la ń bá wí níbí. Wọ́n wà lára àwọn Ìjàpá tó wọ̀lú láti òkè òkun, wọ́n sì wà lára àwọn tí Volkswagen of Nigeria bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Ọ̀jọ́, l'Ékòó, lọ́dún 1975. Ẹni tó ní Píjò 504 tàbí Mẹ́sídíìsì àtijọ́ lè lo ọ̀nà wíwá rẹ̀, ṣùgbọ́n kó má lo nọ́ńbà inú rẹ̀. Bí a bá sọ pé iwájú, iwájú ọkọ̀ la ń sọ. Bí a bá sọ pé ọ̀tún tàbí òsì, ti ẹni tó jókòó wakọ̀ ni. Sílíńdà 1 àti 2 wà lọ́tùn-ún, 3 àti 4 wà lósì, 1 àti 3 ló sì wà níwájú.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó ń jò

Lálẹ́, ẹ gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí ẹ tẹ́ páálí ńlá sábẹ́ rẹ̀ láti iwájú táyà ẹ̀yìn títí dé ìsàlẹ̀ bọ́ńpà. Ẹ fi bírò sàmì sí ibi tí táyà kọ̀ọ̀kan wà àti ìsàlẹ̀ púlì. Tílẹ̀ bá mọ́, ẹ wo ohun tó kán sí i, kí ẹ sì fi ìka kan án.

Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì máa ń dúdú, ó sì máa ń yọ̀. Gíà ọ́ìlì ki jù ú lọ, àwọ̀ rẹ̀ fara jọ oyin, òórùn rẹ̀ sì ń ta nímú bí imí ọjọ́. Ihò kan náà ni méjèèjì ń gbà jáde láàárín ẹ́ńjìnnì àti gíábọ́ọ̀sì, ìdí nìyẹn tí a fi ní kí ẹ gbóòórùn rẹ̀. Tó bá jẹ́ gíà ọ́ìlì, síìlì ọ̀pá tó ti inú gíábọ́ọ̀sì jáde sí kílọ́ọ̀ṣì ló ti bàjẹ́, kò sì sí ohun tí síìlì ẹ́ńjìnnì lè ṣe sí i. Bíréèkì ọ́ìlì mọ́ ju ìwọ̀nyí lọ. Bí ẹ bá rí i nínú táyà, ọkọ̀ yẹn ò gbọdọ̀ jáde lọ́jọ́ náà. Bó bá sì jẹ́ òórùn pẹtiróòlù lẹ gbọ́, ẹ pa ọ̀rọ̀ ọ́ìlì tì ná. Rọ́bà tó ń gbé pẹtiróòlù lọ sí kabúrétọ̀, tó ti gbẹ, tó sì ti là, ló ń dáná sun Ìjàpá.

Ìwọ̀n ọ́ìlì àti ibi tí ẹ́ńjìnnì ń gbà mí

Ẹ pa ẹ́ńjìnnì fún ìṣẹ́jú márùn-ún lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí ẹ yọ géèjì. Lítà 1.25 ló wà láàárín ìlà ìsàlẹ̀ àti ìlà òkè. Ẹ fi nọ́ńbà yìí sọ́kàn, nítorí gálọ́ọ̀nù ọ́ìlì tí a ń rà ní ọjà jẹ́ lítà 4, àwọn kan sì ń da gbogbo rẹ̀ sí Ìjàpá bí wọ́n ṣe ń dà á sí Píjò. Ọ́ìlì tó bá pọ̀ jù á máa hó bí ọṣẹ nínú ẹ́ńjìnnì, á máa wá ọ̀nà jáde, pàápàá nídìí púlì. Kò sí gásíkẹ́ẹ̀tì tó máa dí irú rẹ̀. Bó bá ti kọjá ìlà òkè, ẹ fà á dé ìlà, ẹ wakọ̀ fún ọjọ́ méjì, kí ẹ tún tẹ́ páálí. Nígbà mìíràn, iṣẹ́ ti parí síbẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ẹnu tí a ń gbà da ọ́ìlì sí i. Rọ́bà kan jáde lára rẹ̀ lọ sí ilé tí ń sẹ́ afẹ́fẹ́ fún kabúrétọ̀, páìpù kékeré kan sì sọ̀ kalẹ̀ láti ìdí rẹ̀, rọ́bà wà ní ẹnu ìyẹn náà. Ibẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì ń gbà mí. Bí ẹrẹ̀ ọ́ìlì bá dí i, afẹ́fẹ́ tó há sínú á máa ti ọ́ìlì jáde níbikíbi tí síìlì bá ti rọ̀. Ẹ tú u, ẹ fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí i títí ó fi là.

Kí ẹ tó dé ìdérí rẹ̀ padà, ẹ sítáàtì ẹ́ńjìnnì kí ẹ jẹ́ kó gbóná. Èéfín díẹ̀ tó ń rọra jáde kò burú. Ṣùgbọ́n bó bá ń tú jáde bí ẹ̀fín ààrò, tó ń fẹ́ sí yín lọ́wọ́ bí ẹ bá tẹ́ ọwọ́ lé e, ríìngì písítìn ti jẹ tán. Ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì fi géèjì wọn kọ̀ǹpírẹ́ṣàn sílíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ lórí síìlì, nítorí ẹ́ńjìnnì tó bá ti ń fẹ́ báyìí á tún máa ti síìlì tuntun jáde.

Fífọ̀, pọ́dà, àti ìrìn ogún ìṣẹ́jú

Ẹ kò lè rí ibi tó ń jò lára ẹ́ńjìnnì tó dọ̀tí. Erùpẹ̀ pupa àdúgbò wa máa ń lẹ̀ mọ́ ọ́ìlì, á gbẹ, á sì di èèpá. Èèpá gbígbẹ ń sọ ibi tó jò tipẹ́, kò sọ ibi tó ń jò báyìí.

Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù pátápátá. Ẹ fi ọ̀rá dí ẹnu kabúrétọ̀, ẹ fi òmíràn wé dìsìtiríbútọ̀. Ẹ fi igi pẹlẹbẹ ha èyí tó ti le kúrò, kí ẹ wá fi búrọ́ọ̀ṣì àti kẹrosíìnì fọ ìyókù, láti òkè wá sísàlẹ̀. Lítà kan tàbí méjì tó. Ẹ má lo pẹtiróòlù láé, ìtaná kékeré kan láti ara wáyà tó. Ẹ fi omi Omo ṣàn án, kí ẹ sì fi omi díẹ̀díẹ̀ ṣan ọṣẹ náà dànù. Ẹ má gbé e lọ fún àwọn afọkọ̀ tó ń fi ẹ̀rọ ti omi. Omi á wọ ilé iná, á sì gbá ìdọ̀tí wọ ẹ̀gbẹ́ síìlì tí kò tíì ní ìṣòro.

Bí ẹ bá máa wọ abẹ́ ọkọ̀, jáàkì nìkan kò tó. Ẹ gbé e sórí sítáńdì irin méjì, kí ẹ fi òkúta há táyà iwájú. Búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ńtì tí a ń lò kiri yìí lè fọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láìfún ẹnikẹ́ni ní àmì. Igi tó nípọn sàn jù ú lọ bí sítáńdì kò bá sí.

Tó bá ti gbẹ, ẹ fọ́n pọ́dà ọmọ wẹ́wẹ́ sí abẹ́ ẹ́ńjìnnì, sí ìdí sílíńdà lápá méjèèjì, sí àárín ẹ́ńjìnnì àti gíábọ́ọ̀sì, àti yí púlì ká. Ẹ sítáàtì rẹ̀ ní ìdúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí ẹ kọ́kọ́ wò ó, torí èyí tó ń jò púpọ̀ á ti fi ara hàn kí atẹ́gùn tó tú u ká. Bí kò bá sí nǹkan, ẹ wà á jáde fún bí ogún ìṣẹ́jú. Láti Mọ́kọ́lá gba Sáńgo kọjá Yunifásítì dára fún èyí: súnkẹrẹ-fàkẹrẹ wà lójú ọ̀nà tó máa mú ọ́ìlì gbóná kó sì ṣàn, ojú ọ̀nà tó là náà wà tí ẹ ti lè sáré díẹ̀.

Ẹ padà, ẹ mú tọ́ọ̀ṣì àti dígí kékeré, kí ẹ wo ibi tí pọ́dà ti tutù. Ibi tó ga jù, tó sì sún mọ́ iwájú jù nínú gbogbo ibi tó tutù ni ẹ máa mú, torí ọ̀nà ìsàlẹ̀ àti ọ̀nà ẹ̀yìn ni ọ́ìlì máa ń tọ̀. Bí ibi mẹ́ta bá tutù, ẹ tún ti òkè ṣe, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ tún fọ́n pọ́dà. Ó lè jẹ́ pé ibi méjì yòókù kò ní nǹkan tó ń ṣe wọ́n.

Àwọn tí ẹ lè ṣe láìsọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀

Ìdérí táàpẹ́ẹ̀tì, èyí tó bo rọ́kà àti fáàfù, ló rọrùn jù. Méjì ni, ọ̀kan lápá kọ̀ọ̀kan, wáyà nípọn kan ló dì í mú. Tó bá ń jò, ọ́ìlì á kán sórí irin gbígbóná tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ẹ ó sì máa gbọ́ òórùn ọ́ìlì tó ń jóná nígbà tí ẹ bá dúró ní gosílóò. Ẹ fi súkúrúdíráfà ti wáyà náà sísàlẹ̀, ẹ yọ ìdérí, ẹ ha gásíkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ kúrò pátápátá. Ẹ fi gọ́ọ̀mù díẹ̀ lẹ gásíkẹ́ẹ̀tì kọ́ọ̀kì tuntun mọ́ ìdérí nìkan. Ojú tó máa kan ẹ́ńjìnnì, gírísì fẹ́ẹ́rẹ́ ni kí ẹ fi pa á. Ẹni tó bá fi gọ́ọ̀mù sójú méjèèjì á fa gásíkẹ́ẹ̀tì náà ya nígbà tó bá tún fẹ́ sẹ́ẹ̀tì táàpẹ́ẹ̀tì. Bí wáyà kò bá le mọ́, òun ló ń jẹ́ kó jò, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Abẹ́ ẹ́ńjìnnì, níbi tí asẹ́ ọ́ìlì wà, la ti ń rí àṣìṣe jù. Irin pẹlẹbẹ róbótó kan ló wà níbẹ̀, nọ́ọ̀tì mẹ́fà tó ń gba sípánà 10 ló dì í mú. Ìwọ̀n ìdì wọn jẹ́ 7 Nm (Nm la fi ń wọn agbára tí a fi ń di nọ́ọ̀tì). Ìyẹn kéré gan-an: ẹ di sípánà mú nítòsí orí rẹ̀, kí ẹ fi ìka méjì fà á, kó ti tó. Ohun tó sábà ń ṣẹlẹ̀ ni pé ó jò díẹ̀, ẹnì kan fún un le, irin náà tẹ̀ yí nọ́ọ̀tì ká, ó wá ń jò sí i, wọ́n tún fún un le sí i. Lọ́jọ́ kan sítọ́ọ̀dù, ọ̀pá kékeré tí nọ́ọ̀tì wọ̀, á fà yọ, torí ara ẹ́ńjìnnì yìí jẹ́ àdàlú mágínísíọ̀mù, ó rọ̀ ju irin lọ. Bó bá ti fà yọ, ẹ gbé e lọ fún ẹni tó ní ẹ̀rọ ìrọ irin, kó fi sítọ́ọ̀dù onípele méjì sí i, èyí tí ìdí rẹ̀ jẹ́ 8 mm tí orí rẹ̀ sì jẹ́ 6 mm. Fífi gọ́ọ̀mù lẹ sítọ́ọ̀dù àtijọ́ mọ́lẹ̀ kò ní pẹ́ tó fi máa já.

Bí ẹ bá ti fa ọ́ìlì tán, ẹ yọ irin yẹn, kí ẹ gbé e lé orí dígí fèrèsé. Bí ìmọ́lẹ̀ bá gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, ó ti tẹ̀. Ẹ dojú rẹ̀ dé orí irin tó tẹ́jú, kí ẹ fi òòlù kékeré rọra lù ú títí yóò fi tẹ́. Ẹ fi kẹrosíìnì fọ asẹ́. Bí ẹ ṣe máa tò ó ni: gásíkẹ́ẹ̀tì, asẹ́, gásíkẹ́ẹ̀tì kejì, irin pẹlẹbẹ, wọ́ṣà bàbà kan fún nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan kì í wá wọ́ṣà bàbà yẹn mọ́ bó bá sọnù, bẹ́ẹ̀ ọ́ìlì ń gba ara sítọ́ọ̀dù sọ̀ kalẹ̀, wọ́ṣà yẹn nìkan ló sì ń dá a dúró. Gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun méjì àti wọ́ṣà mẹ́fà ni kí ẹ lò nígbà gbogbo tí ẹ bá pààrọ̀ ọ́ìlì.

Sùwíìṣì tó ń tan iná ọ́ìlì wà lápá òsì dìsìtiríbútọ̀, wáyà kan ṣoṣo ló wọ̀ ọ́. Ẹ nù ún, ẹ sítáàtì ẹ́ńjìnnì. Bí ọ́ìlì bá ń sun láti àárín rẹ̀, níbi tí wáyà wà, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Kò ní wọ́ṣà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tóbi sí i bó ti ń wọlé ni ó fi ń dí ara rẹ̀. Tó bá ti fún, ẹ dúró. Ẹni tó bá tún fi agbára yí i lè la ara ẹ́ńjìnnì.

Páìpù mẹ́jọ tó wà lábẹ́ sílíńdà

Nínú gbogbo ibi tí Ìjàpá ti ń jò, bóyá ni òmíràn pọ̀ tó ibí yìí. Páìpù tín-ín-rín mẹ́rin wà lábẹ́ sílíńdà lápá kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọ̀pá tó ń ti rọ́kà, irin tó ń ṣí fáàfù, ló ń gba inú wọn lọ, ọ́ìlì tó ti ṣiṣẹ́ lókè sì ń gba ibẹ̀ padà wálé. Síìlì wà ní ìpẹ̀kun méjèèjì páìpù kọ̀ọ̀kan, mẹ́rìndínlógún lápapọ̀. Ooru ń sun wọ́n, wọ́n á le bí ike, wọn ò ní lè fún mọ́. Omi òjò ilẹ̀ wa náà ń jẹ páìpù fúnra rẹ̀, nígbà míì ó ti lu kalẹ̀ lábẹ́ ìdọ̀tí tí a kò fọ̀.

Páìpù tó ti ilé iṣẹ́ wá kò ṣe é yọ láìyọ orí ẹ́ńjìnnì. Ṣùgbọ́n irú kan wà lọ́jà tó ní sípíríǹgì, tó ń kúrú tó sì ń gùn, tí ẹ lè fi rọ́pò rẹ̀ láìtú orí. Èrò wa ni pé bí orí ẹ́ńjìnnì bá fẹ́ wá sílẹ̀ fún iṣẹ́ mìíràn, ẹ lo páìpù gidi. Bí kò bá ní wá sílẹ̀, ẹ má torí páìpù kan tú orí tí kò ní àrùn.

Fún èyí tó ní sípíríǹgì, ẹ fa ọ́ìlì, ẹ yọ ìdérí táàpẹ́ẹ̀tì, ẹ gbé abọ́ sábẹ́. Nọ́ọ̀tì méjì tó ń gba sípánà 13 ló di rọ́kà mú. Ẹ máa tú wọn díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa pààrà láàárín méjèèjì kí ọ̀pá rọ́kà má bàa tẹ̀. Ẹ fa àwọn ọ̀pá ìtì jáde, kí ẹ kì wọ́n bọ inú páálí tí ẹ ti lu ihò mẹ́rin sí, tí ẹ sì ti kọ nọ́ńbà sí, kí kálukú lè padà sí àyè rẹ̀. Ẹ fi púláyà tẹ páìpù àtijọ́ ní àárín kí ẹ fà á yọ. Ojú ibi tí síìlì máa jókòó sí, lára ẹ́ńjìnnì àti lára orí, ni ẹ máa nù títí ó fi dán. Ìyàngbo dúdú tó bá kù síbẹ̀ ló máa jò lọ́la. Ẹ fi ọ́ìlì díẹ̀ pa síìlì, ẹ fún páìpù tuntun kúrú, ẹ gbé e sí àyè, ẹ jẹ́ kó nà. Ẹ yí i lọ́wọ́, kí ẹ rí i pé ó jókòó dọ́gba yíká.

Ẹ dá ọ̀pá ìtì padà, kí ẹ rí i dájú pé orí wọn wọ inú kọ́ọ̀bù rọ́kà kí ẹ tó di nọ́ọ̀tì sí 25 Nm. Lẹ́yìn náà, ẹ sẹ́ẹ̀tì àlàfo táàpẹ́ẹ̀tì sí 0.15 mm nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù, bí àwọn sílíńdà ṣe ń gbaná tẹ̀lé ara wọn: 1, 4, 3, 2.

Bó bá jẹ́ páìpù gidi ni, ẹ fà á gùn kí ẹ tó gbé orí padà: 190 sí 191 mm láti ìbẹ̀rẹ̀ apá tó wú dé òpin apá tó wú ní ìkejì. Àwọn ìkákò rẹ̀ ni sípíríǹgì rẹ̀, bó bá kúrú jù kò ní ti síìlì. Ẹ kọjú ibi tí wọ́n ti jó o pọ̀ sókè. Nọ́ọ̀tì orí ẹ́ńjìnnì tó wà lórí sítọ́ọ̀dù 10 mm, 32 Nm. Tó bá jẹ́ sítọ́ọ̀dù 8 mm ni, 25 Nm.

Ìdí púlì

Kò sí síìlì níbẹ̀ láti ilé iṣẹ́, ẹ má wá a kiri ọjà. Ìlà yíyí tí wọ́n gbẹ́ sára púlì ló ń yí ọ́ìlì padà sínú. Bó bá ń jò níbẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ọ́ìlì ti pọ̀ jù, tàbí afẹ́fẹ́ há sínú, ohun tí a sọ lẹ́ẹ̀kan. Ìdérí pọ́ọ̀ǹpù ọ́ìlì wà lẹ́yìn púlì náà, ẹ má fi èkínní pe èkejì: nọ́ọ̀tì mẹ́rin, gásíkẹ́ẹ̀tì kan, 20 Nm.

Kúùlà tàbí fuláwíìlì?

Ibí yìí ni owó ńlá ti ń ṣòfò. Kúùlà ọ́ìlì, ibi tí atẹ́gùn ti ń mú ọ́ìlì tutù, dúró lókè sílíńdà 3, lápá òsì níwájú, síìlì kékeré méjì péré ló sì wà lábẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá jò, ọ́ìlì á ṣàn gba ara sílíńdà 3, á gba ẹ̀yìn irin tó bò ó, á sì kán láti àárín ẹ́ńjìnnì àti gíábọ́ọ̀sì bí ẹni pé fuláwíìlì ló ń jò.

Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo ara sílíńdà 3 láti ìsàlẹ̀, kí ẹ fi wé sílíńdà 1 ní ọ̀tún. Bí ti òsì bá tutù láti òkè tí ti ọ̀tún sì gbẹ, kúùlà ni. Ọ́ìlì kúùlà ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ agbára pọ́ọ̀ǹpù, nítorí náà á jò jù láàárọ̀ nígbà tí ọ́ìlì ṣì ki. Bó bá jẹ́ fuláwíìlì, òkè á gbẹ lápá méjèèjì, ihò ìsàlẹ̀ nìkan ló máa tutù. Bí kílọ́ọ̀ṣì bá tún ń yọ̀ tí ẹ bá ń gun òkè bíi ti Mápó, ọ́ìlì ti kan an.

Síìlì kúùlà kì í ṣe irú kan. Ihò àwọn ẹ́ńjìnnì àtijọ́ jẹ́ 8 mm, ti àwọn tó dé lẹ́yìn jẹ́ 10 mm, kúùlà pẹ̀lú sì yàtọ̀ láti ọkọ̀ ọdún 1971 nígbà tí wọ́n gbé e jáde sẹ́yìn ilé fáànù. Ẹ wọn ihò ara ẹ́ńjìnnì àti ihò ara kúùlà kí ẹ tó lọ rà á. Nọ́ọ̀tì kúùlà gba 7 Nm. Bí ẹ bá ti yọ kúùlà, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi afẹ́fẹ́ dán an wò nínú omi, torí òun fúnra rẹ̀ lè ti lu.

Bí ẹ bá wá dájú pé fuláwíìlì ni, ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ wá sílẹ̀. Ó wọ̀n tó bíi kìlógíráàmù 110, ènìyàn méjì ni kó ṣe é. Ẹ já bátìrì lábẹ́ àga ẹ̀yìn, ẹ dí rọ́bà pẹtiróòlù pẹ̀lú bóòtù, ẹ já kébù kabúrétọ̀, àwọn wáyà, kébù ooru méjèèjì, kí ẹ yọ irin ẹ̀yìn tó bo ẹ́ńjìnnì. Ẹ gbé jáàkì onítáyà sábẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó tú bóòtù àti nọ́ọ̀tì mẹ́rin tó ń gba sípánà 17. Ẹ fà á sẹ́yìn tó sẹ̀ǹtímítà 10 gbọọrọ kí ẹ tó máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọ̀pá gíábọ́ọ̀sì á tẹ kílọ́ọ̀ṣì bàjẹ́.

Ẹ sàmì sí fuláwíìlì àti orí káráǹkì, ọ̀pá ńlá tó ń yí nínú ẹ́ńjìnnì, kí wọ́n lè padà bí wọ́n ṣe wà. Nọ́ọ̀tì àárín gba sọ́kẹ́ẹ̀tì 36. Nígbà tí ẹ bá ń di í padà, 343 Nm ni. Bí ẹ kò bá ní sípánà tó ń ka agbára tó bẹ́ẹ̀, ẹ fi ọ̀pá gígùn sí sọ́kẹ́ẹ̀tì kí ọ̀pá náà dúró gbọọrọ. Ẹni tó wọ̀n kìlógíráàmù 70, tó gbé gbogbo ìwúwo rẹ̀ lé ọ̀pá ní sẹ̀ǹtímítà 50 sí nọ́ọ̀tì, ìwọ̀n náà ló pé yẹn. Ẹni tó wọ̀n 100 máa dúró ní sẹ̀ǹtímítà 35.

Kí ẹ tó fi síìlì tuntun sí i, ẹ wo ohun tó pa ti àtijọ́. Ẹ fi èékánná ha ọrùn fuláwíìlì níbi tí ètè síìlì ń fara kàn: bí ojú ọ̀nà bá ti jìn níbẹ̀, síìlì tuntun á jò. Ẹ wo rọ́bà róbótó tó wà nínú fuláwíìlì, kọ́bọ̀ díẹ̀ ni, ọ̀pọ̀ ló sì ń gbàgbé rẹ̀. Ẹ wo ìdí káàmù tó wà nísàlẹ̀ bóyá ibẹ̀ ló tutù. Lẹ́yìn èyí, ẹ wọn bí káráǹkì ṣe ń lọ síwá sẹ́yìn: 0.07 sí 0.13 mm ló yẹ kó jẹ́, wọ́ṣà tín-ín-rín mẹ́ta ni a sì fi ń ṣètò rẹ̀. Bó bá ti kọjá 0.15 mm, síìlì kò ní pẹ́ kó tó bàjẹ́. Bí káráǹkì bá ń mì lókè àti nísàlẹ̀, béárì rẹ̀ ti jẹ, iṣẹ́ ti kúrò ní ti síìlì.

Ẹ nu àyè síìlì, ẹ fi ọ́ìlì pa ètè rẹ̀, kí ojú tó ní sípíríǹgì kọ sí inú ẹ́ńjìnnì. Ẹ fi pákó pẹlẹbẹ tì í wọlé dọ́gba. Ẹ má fi òòlù lu apá kan ṣoṣo.

Ọjà, gọ́ọ̀mù, àti ohun tó ń sun síìlì

Ní Àràrọ̀mí, Agodi-Gate, ẹ mú síìlì àtijọ́ dání, ẹ fi wé tuntun ní fífẹ̀ àti ìnípọn. Wọ́n ṣe Ìjàpá ní Mẹ́síkò títí di 2003, nítorí náà ohun èlò 1600 ṣì wà lọ́jà ní tuntun. Ẹ tẹ rọ́bà náà pẹ̀lú èékánná. Bí ojú ìtẹ̀ náà kò bá wú padà, tàbí ó ń là bí ẹ ṣe tẹ̀ ẹ́, ó ti pẹ́ jù lórí igbá. Síìlì sílíkónì ń fara da ooru ju rọ́bà dúdú lásán lọ, ó sì yẹ fún owó tí wọ́n fi lé e, pàápàá fún páìpù mẹ́jọ yẹn.

Gọ́ọ̀mù kì í ṣe gásíkẹ́ẹ̀tì. Èyí tó bá yọ sínú á já, á wọ inú asẹ́, á sì fi ẹ́ńjìnnì du ọ́ìlì. Ọ́ìlì 20W-50 ló bá ooru wa mu. Èyí tó tín-ín-rín bíi 5W-30 á gba ojú síìlì àtijọ́ kọjá. Oògùn tí wọ́n ń dà sí ọ́ìlì kó lè wú síìlì, a kò gbà yín níyànjú rẹ̀: ó ń rọ rọ́bà, rọ́bà tó bá ti rọ̀ jù á ya.

Ẹ wo yàrá ẹ́ńjìnnì náà. Rọ́bà gígùn kan yẹ kó yí i ká, kó dí àyè tó wà láàárín irin ẹ́ńjìnnì àti ara ọkọ̀, kí afẹ́fẹ́ gbígbóná ìsàlẹ̀ má bàa padà sókè. Lára ọ̀pọ̀ Ìjàpá ìlú yìí, rọ́bà náà ti sọnù, àwọn irin pẹlẹbẹ tó ń darí atẹ́gùn náà ti dàwátì lọ́wọ́ àwọn tó tú u tí wọn kò tò ó padà. Fáànù á wá máa fa afẹ́fẹ́ gbígbóná kan náà, síìlì á sì máa jó. Bí ẹ bá pààrọ̀ síìlì láìdá rọ́bà àti irin wọ̀nyẹn padà, ẹ ó tún pààrọ̀ rẹ̀ láìpẹ́.

Ọ́ìlì kọ̀ńdẹ́ẹ̀mù tí ẹ fà jáde, ẹ rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì kí ẹ dé e. Àwọn káfíńtà ń fi pa igi kí ikán má bàa jẹ ẹ́. Ẹ má dà á sí gọ́tà, ibi tí gọ́tà wa ń lọ ni Ògùnpa.

Lẹ́yìn tí ẹ bá tò ó tán, lítà 2.5, ẹ sítáàtì rẹ̀, ẹ dúró kí iná ọ́ìlì kú, ẹ wo abẹ́ rẹ̀. Ẹ tẹ́ páálí tuntun fún alẹ́ mẹ́ta. Tó bá di bíi kìlómítà 500, nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù, ẹ fi ìka méjì yẹ nọ́ọ̀tì mẹ́fà ìsàlẹ̀ wò. Ẹ má kọjá 7 Nm.